Kó Máa Kọrin, Kó Má Jẹun

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn olóṣèlú lọ́rùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Olóṣèlú tó ṣèlérí iná tí kò mú un ṣẹ, ọ̀fẹ́ la dìbò fún un, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba ìrẹsì lé e. Àwọn tó ń ṣe rédíò ọkọ̀ àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin àfọwọ́dìmú ni mo bá wá, nítorí àwọn gbowó lọ́wọ́ wa ná kí wọ́n tó já wa kulẹ̀.

Ní 2001 ni Apple gbé iPod jáde. Ní 2003 wọ́n fún un ní ẹnu pẹlẹbẹ kan tó ní eyín 30. Lára eyín wọ̀nyí, àwọn kan ń gba iná fólìtì 5 láti ara USB, àwọn mìíràn ń gba fólìtì 12 ti okùn FireWire. Bẹ́ẹ̀, fólìtì 12 náà ni bátìrì ọkọ̀ ń gbé jáde. Kí ni oníṣẹ́ rédíò máa ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn fa wáyà láti ibi tí iná wà lọ síbi tí iná ń wọ̀, ó parí. BMW ti bá Apple dòwò pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2004, àwọn yòókù sì sáré tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ẹni tí okùn kan ṣoṣo ń gbé orin iPod rẹ̀ jáde tó tún ń fún un níná, ọlọ́lá ni.

Ọlá náà kò pẹ́. Ní 2008, Apple ṣe iPhone 3G àti àwọn iPod tuntun kan, wọ́n sì yọ ọ̀nà fólìtì 12 kúrò nínú wọn. Ẹnu náà kò yí padà o! Okùn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, orin jáde, àkọlé kékeré kan wá yọ lójú ẹ̀rọ pé ohun tí ẹ so mọ́ òun yìí kò lè fún òun níná. Bí onílù tí wọ́n pè wá sóde ìnáwó, tí wọ́n ní kó lù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí alásè wá ń gbé àwo kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan yára ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ àárín láti sọ fólìtì 12 di 5. Wọn kò fi ṣe sàráà.

Nígbà tí araalé ń gbìyànjú láti gbàgbé, ọdún 2012 dé, ẹnu eléyín 30 di ohun àtijọ́, Lightning gba ipò rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń so ẹnu tuntun mọ́ okùn àtijọ́, dọ́là 29 ni Apple ń tà á nígbà náà. Ní 2023, iPhone 15 tún ya ẹnu mìíràn.

Ẹ ó ní kí ló kan àwa. Ọkọ̀ tí òyìnbó rà ní 2007, ta ló ń wà á lónìí? Ó ti gba Kútọnu tàbí Àpápá wọlé tipẹ́, okùn iPod rẹ̀ ṣì ká jọ sínú àpótí iwájú, ẹni tó sì tà á fún yín ti búra pé “full option” ni. iPod fúnra rẹ̀, Apple ti pa á tì ní 2022.

Fóònù ló wá di ẹ̀rọ orin wa, ihò USB ara rédíò sì di NEPA wa. Ẹ gbọ́ bàbá kan àti riwáyà rẹ̀:

“Dádì, kò sóhun tó ṣe rédíò yín. Fóònù yín ló ń jẹun jù.”

“Èyí tí mo rà níjẹta?”

“Òun náà ni, sà. Ihò yìí, wọ́n ṣe é kó fi ka orin inú fláàṣì ni.”

Ọmọ náà gbọ́n ju ìwé ọkọ̀ lọ. Ihò USB 2.0 ti rédíò àtijọ́ kì í sábà ju ìdajì áńpù lọ, ìyẹn wáàtì 2 ààbọ̀. Ẹ wá tan ojú fóònù sílẹ̀, kí Google Maps máa fọ̀nà hàn yín, kí orin máa lọ, kí ẹ sì há sínú gosíló láti Bẹ́gà dé Ìbàfò. Àmì mànàmáná wà lókè fóònù gbagidi pé iná ń wọlé, pásẹ́ǹtì ń lọ sílẹ̀. Irú iná tí ìjọba máa ń kà fún wa lórí rédíò gan-an nìyẹn. (Mo ṣèlérí pé n kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ẹ dárí jì mí.)

Àwọn tó ń ki okùn AUX bọ fóònù tí wọ́n ń retí iná, n kò bá wọn wí. Ìgbàgbọ́ ni. Àwọn tó ń jókòó sínú ọkọ̀ lóru pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní títàn kí fóònù lè yó, àwọn la ń bá ti ọkọ̀ láàárọ̀. Àwọn tó sì tan ẹ́ńjìnì sí i pẹ̀lú iye tí epo dà láti 2023, kí Ọlọ́run bù kún owó wọn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, fóònù, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbọ́hùn tuntun tó ń fi wáyà gbaná gbọ́dọ̀ ní ẹnu USB-C bí wọ́n bá máa tà á níbẹ̀. Ọkọ̀ kò sí nínú òfin náà. Ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ ra ṣájà tó ń wọ ihò ìtanná sìgá, èyí tó gbé áńpù 2 ó kéré tán, kí ẹni tó ń tà á dán an wò lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi rédíò sílẹ̀ fún Ebenezer Obey.