Ìyá Aláàárù Tí Kò Ṣiṣẹ́

Físíìsì kò ṣe mí ní ibi kankan. Èmi ni mo ṣe físíìsì ní ibi, Under G sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ Under G. Àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni: ilé ìgbé lọ́tùn-ún, ilé ìgbé lósì, oní-fọ́tókọ́pì, oníṣúyà, àwọn tó ń ta ẹ̀wà àgọ̀yìn, àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọdún 1990 ni ìjọba dá yunifásítì náà sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, ló sì ń jẹ́ lónìí. Nígbà tó jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ṣe fẹ́ yẹ físíìsì sílẹ̀, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lásán ló wá kọ́.

Èmi kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́. Mo há a sórí ni. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé gbogbo òfin inú ìwé yẹn ló ní “bí” àti “àyàfi” tirẹ̀. Òfin ni mo há. “Àyàfi” ni mo fi sílẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti fìrísà bẹ̀rẹ̀, torí kékeré nìyẹn. Mo ti há a pé ohun tó bá ń tutù a máa súnkì. Mo bá pọn omi kún ìgò dé ẹnu, mo dé e pinpin, mo tì í sínú fìrísà ìyàwó lándílọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja òkú èkó tí wọ́n ń tà. Omi kì í ṣe ọmọ gbígbọ́ràn. Ó ń súnkì lóòótọ́ títí yóò fi tutù dé 4°C, ibẹ̀ ló ti máa ń yí ọkàn padà tó ń wú. Tó bá fi máa di yìnyín, á ti fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò ò sì ní ibi tó fẹ́ fẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó lándílọ́ọ̀dù ń ṣa àfọ́kù ìgò lára ẹja, wọ́n ń bèèrè ẹni tó dán irú rẹ̀ wò nínú ilé àwọn. Èmi náà bá wọn bèèrè.

Ti Akẹ̀sán ló wá burú jù, torí owó ló wà nídìí ẹ̀.

Mo lọ sílé ní Ọ̀yọ́ lọ kó oúnjẹ. Màmá mi ra gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti iṣu ní ọjà Akẹ̀sán, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo tí kò lè dín ní 40 kílò, wọ́n pe ìyá aláàárù kan, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì kó owó ìyá náà lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ inú ọjà padà lọ wá ata. Àṣìṣe tiwọn nìyẹn. Ìyá aláàárù ká òṣùká, èèyàn méjì bá a gbé àpò náà rù, ó sì dá ọ̀nà lọ sí etí títì. Mo ń tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Owó yẹn ń gbóná lápò mi, mo sì rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí a dé etí títì, ìyá na ọwọ́ sí mi. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

“Ọmọ mi, owó mi.”

“Màmá, ẹ má bínú o,” ni mo wí. “Nínú ìwé wa, ká tó lè sọ pé ipá tí èèyàn lò ṣiṣẹ́, àfi kí ẹrù rìn lọ sí ibi tí ipá yẹn kọjú sí. Òkè lẹ ń ti ẹrù yìí sí kó má baà jábọ́. Iwájú lẹ wá gbé e lọ. Ilẹ̀ sì tẹ́jú láti ìsọ̀ títí débí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí ẹrù yìí, òdo ni.”

Ìyá wò mí. Aláta kan tó wà nítòsí dáwọ́ ata tó ń ṣà dúró.

“Òdo?”

“Òdo ni, Màmá. Nínú ìwé ni o.”

“Pé mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Nínú ìwé.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, a jẹ́ pé ẹrù yìí ṣì wà ní ìsọ̀ ìyá eléèlùbọ́.” Ó yí padà pẹ̀lú ẹrù lórí, ó kọjú sí inú ọjà. “Má dààmú, mi ò ní gba owó ìpadàlọ. Òun náà, òdo ni.”

Mo rò pé eré ni. Àfìgbà tí mo rí i tó ya kọ̀rọ̀ níbi àwọn ẹlẹ́ja. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń pe “Màmá, Màmá,” àwọn onígàrí ń bi mí pé kí ló dé, aláta ọ̀hún sì ń fi ohùn òkè dá wọn lóhùn: “Alákọ̀wé ni! Ó ní òdo ni ìyá náà ṣe!” Ká tó dé ìsọ̀ eléèlùbọ́, ọjà ti gbọ́. Ìyá ní kí wọ́n sọ àpò náà kalẹ̀ fún òun síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi gèlè nu ojú, ó sì jókòó tì í. Owó ìgbà àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ san. Lẹ́yìn náà ni a wá bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà tuntun láti ìsọ̀ eléèlùbọ́ dé etí títì. Màmá mi yọ láàárín ìdúnàádúrà yìí, ata lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣe é tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Ohun tó dùn mí ni pé ìwé náà gan-an kò gbè mí. Láti ilẹ̀ dé orí ìyá yẹn tó mítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ká pè é ní 1.6. Ẹ sọ 40 kílò di ìlọ́po 9.8, tó jẹ́ ipá tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kan mọ́ra, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6: ó jẹ́ nǹkan bí 627 joule, ká tilẹ̀ tó rìn rárá. Àwọn èèyàn tó bá a gbé e rù pín nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé òdo ni? Bí èèyàn bá sì ń rìn, ara rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀, ó ń wálẹ̀ díẹ̀, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tẹrùtẹrù.

Èyí tó ga jù wà nínú ara ìyá fúnra rẹ̀. Òpó ilé lè ru òrùlé fún ogójì ọdún kó má jẹ òkèlè kan, ṣùgbọ́n iṣan ara kì í ṣe òpó. Bí ẹ rí i tó dúró gbọnin lábẹ́ ẹrù, fọ́nrán inú rẹ̀ ń fún, ó ń dẹ̀, òmíràn ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, oúnjẹ tí èèyàn jẹ láàárọ̀ ni gbogbo wọn sì ń ná. Bí ẹrù kò bá lọ sókè, agbára yẹn kò sọnù. Ooru ló ń dà. James Joule tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n agbára yìí, ọmọ ilé apọntí ni ní Salford lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, 1818 ni wọ́n bí i. Ó so ìwọ̀n wúwo mọ́ okùn, ó jẹ́ kí ó máa já wálẹ̀ kí okùn fi máa yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú omi, ó sì tẹjú mọ́ tẹmómítà láti mọ bí omi náà ṣe ń gbóná tó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé iṣẹ́ lè di ooru. Èmi, òógùn ń ṣàn lójú ìyá aláàárù níwájú mi ní Akẹ̀sán, mo sì ń wàásù òdo.

Mo kó ẹrù mi dé Under G, ìwà mi kò kúrò lára mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin kan tí mo ti ń wá ojú rẹ̀ tipẹ́ gbà láti wá kí mi. Mo ti ṣe ìlérí pé màá se ìrẹsì. Gáàsì mi ti tán, ṣùgbọ́n mo ní hot plate kan tí wọ́n kọ 1000 wáàtì sí ní ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, NEPA mú iná lọ. Bọ̀dá tó ń gbé yàrá kejì ní òun ní jẹnẹrétọ̀, irú kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I pass my neighbour,” pé kí n lò ó, kò kàn sí epo níkùn rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀kadà, ó ní kí n yọ lítà kan.

Jẹnẹrétọ̀ wà lókè kọ́rídọ̀, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé. Ọ̀kadà wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ní orí pípé á wá kẹ́ẹ̀gì. Mo wá rọ́bà gígùn. Mo ti há a pé afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ nǹkan débi pé ó lè ti omi gòkè páìpù tó 10 mítà, àti pé Torricelli ará Ítálì ti fi mákúrì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1643, tí mákúrì sì gòkè dé nǹkan bí 76 sẹ̀ǹtímítà. Epo bẹntiróò fúyẹ́ ju omi lọ. Kí wá ni kọ́rídọ̀ tí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ?

Mo ki rọ́bà bọ ọ̀kadà, mo gun àtẹ̀gùn, mo fà. Epo gòkè. Mo yọ ẹnu kí n lè kì í bọ jẹnẹrétọ̀; epo sáré padà sínú ọ̀kadà. Mo tún fà. Ó tún padà. Mo rò pé mi ò fà á tó ni, mo bá mí kanlẹ̀, mo fà á tọkàntọkàn, ẹnu mi sì kún fún bẹntiróò.

“Àyàfi” tí mo fò nínú ìwé nìyí: níwọ̀n ìgbà tí ẹnu bá wà lórí rọ́bà, afẹ́fẹ́ ń ti epo láti ìdí ọ̀kadà wá, torí pé a ti fa èyí tó wà nínú rọ́bà kúrò. Bí ẹnu bá kúrò, afẹ́fẹ́ ń tẹ etí méjèèjì dọ́gba, ìwúwo epo ni yóò sì pinnu ibi tí yóò ṣàn sí. Ìsàlẹ̀ ni. Etí rọ́bà tí epo máa ti jáde gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ojú epo inú táǹkì lọ. Kò sí bí mo ṣe lè fà á tó.

Ariwo mi ló pe àwọn ará ilé jáde. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé pé kí n mu ún kí n lè bì. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fa ife náà gbà: ó ní bí mo bá bì, bẹntiróò lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pa èèyàn. Ó ní kí n fi omi yọ ẹnu, kí n tu ú dànù, kí n jókòó kí wọ́n máa wo èémí mi. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń wò ó tó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Epo ń ṣàn wẹ́rẹ́. Ó fi àrọ rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀, ó sì wọlé lọ ka ìwé rẹ̀.

Ẹ ò bá ní kí n dúró níbẹ̀. Àlejò mi dé, iná ń tàn, fáànù ń fẹ́, fóònù ń gba iná. Jẹnẹrétọ̀ ń dún jẹ́jẹ́. Mo wí fún ara mi pé iná ni iná, mo sì ki hot plate bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Gílóòbù ṣe bàìbàì. Fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀ níta. Mo sọ fún àlejò pé ṣóòkù ló ń ṣe é, mo jáde lọ fa ṣóòkù. Nígbà tí mo fi máa fà á tán, òórùn kọ́ìlì tó ń jóná ti gba kọ́rídọ̀, èéfín tẹ̀ lé e, òkùnkùn sì ṣú.

Bíi 650 wáàtì, ìyẹn 650 joule ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ẹ̀rọ yẹn lè gbé. Gílóòbù ìgbàlódé kan ń gba bíi 10 joule ní ìṣẹ́jú àáyá kan; hot plate mi ń bèèrè 1000. Ooru ni kì í gba díẹ̀. Láti mú lítà omi kan kúrò ní 27°C títí yóò fi hó (omi Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń hó ní nǹkan bíi 99°C, torí ìlú náà ga ju etí òkun lọ ní ohun tó lé ní 300 mítà), ó ń ná èèyàn ní nǹkan bí 302,000 joule. Mo ṣe ìṣirò yẹn lóru ọjọ́ náà lójú àbẹ́là. Ìyá aláàárù Akẹ̀sán yóò gbé àpò mi láti ilẹ̀ dé orí ní bíi ìgbà 480 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó tó láti se omi lítà kan. Ìrẹsì kò tíì bọ́ síbẹ̀ o.

Gàrí ni èmi àti àlejò mu nínú òkùnkùn, gàrí tí mo san owó aláàárù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bẹntiróò ń rùn lẹ́nu mi. Kò tún padà wá.

Rẹ́wáyà tí a gbé jẹnẹrétọ̀ lọ bá tú ìdí rẹ̀, ó fi kọ́ìlì dúdú náà hàn mí, ó bi mí ohun tí mo ń kọ́ ní yunifásítì. Mo ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Irọ́ ni.

Owó tí ó pè ga ju owó tó wà lọ́wọ́ mi lọ, mo bá ta hot plate náà fún ọmọ ọdún kìíní kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ torí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà ní yàrá òun. Kò bèèrè iye wáàtì rẹ̀. Èmi náà ka owó mi, mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.