Adelé, Gbèsè àti Ìyàwó Olówó

Ẹ̀yin ọmọge Kabba ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ka ìtàn ìfẹ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ayé Adelé Ọba títí ẹ̀wà fi ń jóná lórí iná. Ẹ má wulẹ̀ sọ ìtàn náà fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ olóyè kan wà, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Ilé rẹ̀ ní yàrá bí ọgọ́rùn-ún, gbogbo òrùlé ló sì ń jò. Bàbá rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ títí ó fi kú, gbèsè nìkan ni ogún tó fi sílẹ̀. Ọmọ olóyè bá gba ìwé àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ó lọ bá ọmọ oníṣòwò olówó kan, ó ní, "Jẹ́ ká fẹ́ra wa. Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀ o." Ọmọ sì gbà! Nígbà tí ẹ bá fi ka ìwé dé orí ogún, ìfẹ́ ti jí, ẹ̀yin náà ti ń nu ojú.

Kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dán an wò nílé bàbá yín. Alárinà rẹ̀ kò ní tíì jókòó tán tí àwọn àbúrò bàbá yóò ti bẹ̀rẹ̀: "Èló ni gbèsè? Ta ló jẹ ẹ́? Ṣé ìran yín ni ẹ máa ń jẹ gbèsè?" Àmọ́ bó bá ti jẹ́ òyìnbó ni onígbèsè, ẹ ó ní ojú rẹ̀ fa ni mọ́ra.

Ẹ wá gbọ́ ti Adelé fúnra rẹ̀. Orí bàbá rẹ̀, Ọba George Kẹta, ló dàrú, ni George ọmọ rẹ̀ bá ṣe adelé láti 1811 di 1820. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn tipẹ́. Ó tún ti fẹ́ opó kan, Maria Fitzherbert, ní bòńkẹ́lẹ́ ní 1785. Nígbà tó di 1795, wọ́n ní ọ̀ràn gbèsè á yanjú bó bá fẹ́ ìyàwó tí ìlú mọ̀. Ta ni ó fẹ́? Caroline, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀! Ní Kabba, èèwọ̀ ni kẹ́ ẹ tó dé orí gbèsè. Bó ṣe kọ́kọ́ fojú kan ọmọ náà, ọtí líle ló ní kí wọ́n gbé wá. Ó mutí yó lọ síbi ìgbéyàwó, ìyàwó sì ròyìn pé ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná ni ọkọ òun sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé e ládé ní 1821, ìyàwó wá, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Orí ogún yín rèé.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ó kàn yín. Ní 1913, Lewis Harcourt, mínísítà tó ń ṣàkóso ilẹ̀ àmúnisìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wa dápàárá. Ó ní ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń jẹ́ Àríwá fẹ́ gbé ìyàwó olówó láti Gúúsù. Òun ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pàtàkì, Lugard tó jẹ́ gómìnà ni yóò so wọ́n pọ̀. Àwàdà kọ́ o. Owó tí ń wọlé fún Àríwá kò tó o ná, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fowó kún un. Gúúsù ní tirẹ̀ ń rí owó ibodè, púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí ọtí líle tí wọ́n ń kó wọlé, ọtí tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n tà fún ọmọ ìbílẹ̀ ní Àríwá. Ọkọ kò gbọ́dọ̀ mutí, owó ọtí ìyàwó ló fi ń jẹun.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1914 ni ìgbéyàwó, ìyẹn ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù. Ìyàwó Lugard fúnra rẹ̀, Flora Shaw, ló ti dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní 1897. Ọdún 17 ni ọmọ fi jẹ́ orúkọ kí Gúúsù ìyá rẹ̀ tó délé ọkọ! Bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọn ì bá fi í sí.

Àwa Okun ńkọ́? Owé, Ìyàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Ọ̀wọ̀rọ̀, ẹbí ìyàwó ni gbogbo wa, ilé ọkọ ni wọ́n sì ti kó wa sí láti 1900. A kò sọdá odò Ọya, wọ́n ní a ti di ará Òkè Ọya. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn Ọbaro, ọba Kabba, kò sí ẹni tó gbé orógbó kan wá.

Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Babangida tún ṣe alárinà. Ó mú Igala láti Benue, ó mú Ebira àti Okun láti Kwara, ó ní kí wọ́n lọ máa gbé pọ̀ ní Kogi. Àwọn mẹ́ta yìí ti jọ gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pín wọn níyà ní 1976. Láti ìgbà náà, Audu, Idris àti Wada, ọmọ Igala, ti di kọ́kọ́rọ́ ilé, ìyẹn ipò gómìnà, mú. Bello àti Ododo, ọmọ Ebira, náà ti dì í mú. Okun? Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wa, àwa náà ti ṣe adelé rí! Ní 2008, nígbà tí kóòtù fagi lé ìbò Idris, Clarence Olafemi tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin ṣe adelé fún nǹkan bí oṣù méjì. Adelé ti Gẹ̀ẹ́sì lo ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gba adé. Tiwa ò tíì jókòó dáadáa tí onílé fi dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi Igala àti Ebira sílẹ̀, ká bú ara wa díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2023, Dino Melaye láti Ìjùmú jáde dupò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP, Leke Abejide láti Ìyàgbà jáde lábẹ́ ADC. Agboolé kan, ọkọ méjì, ìyàwó kan ṣoṣo! Dino ṣe ipò kẹta. Ẹ má sì sọ pé bí wọ́n bá para pọ̀ ni: ìbò àwọn méjèèjì kò tó ti Ajaka tó ṣe ipò kejì, ká má tíì dárúkọ Ododo.

Ìyẹn ni pé àwa nìkan kò lè dá a ṣe, àfi ká bá ẹnì kan dòwò pọ̀. Mo wá rí i pé onígbèsè inú ìwé yín gbọ́n jù wá lọ. Ó sọ ohun tó nílò lójú gbogbo ènìyàn, ìyàwó náà sì mọ ohun tí yóò gbà. Ní 1914, wọn kò bi wá. Ní 1991, wọn kò bi wá. Ní 2027, wọn yóò wá bi wá, nítorí ìbò ni wọ́n ń wá. Ẹ má sọ̀rọ̀ ìfẹ́ nígbà náà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ àti ọdún tí yóò gbé e sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ní ìfẹ́ lásán ló gbé òun wá, ẹ sá fún un: gbèsè tirẹ̀ ló pọ̀ jù.