Aláṣọ Àlà Nísọ̀ Elépo

Àwọn àgbà ní a kì í wá aláṣọ àlà nísọ̀ elépo. Ẹni tó wọ funfun ò ní fẹ́ kí epo ta sí òun láṣọ. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ gba ibòmíràn lọ. Òwe náà ò purọ́ rí, àfi ìgbà tí àwọn Òyìnbó kan wá aláṣọ àlà dé ọjà Àlàbá l'Ékòó lọ́dún 2009, tí wọ́n sì bá a níbẹ̀, tepotepo.

Ká tó débẹ̀, eré kan wà tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn. Bojúbojú ni, àmọ́ tàgbàlagbà ni. Wọn á fi nǹkan pamọ́ sínú igbó, wọn á kọ àlọ́ sórí ìwé: ẹ yà sọ́wọ́ òsì nídìí igi tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ka òkúta mẹ́ta, ẹ wo abẹ́ afárá. Bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá á máa tọ̀ ọ́ lọ nínú ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá dé òpin ìrìn, ṣokoléètì ni wọ́n á bá níbẹ̀, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ibòmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń wọlé.

Eré náà ti pẹ́. Lọ́dún 1854, James Perrott, tó máa ń mú àlejò rìn ní aginjù Dartmoor, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool kí ẹni tó bá rìn débẹ̀ lè fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, kété tí ìjọba Amẹ́ríkà yọ àbùlà kúrò nínú GPS tí ará ìlú ń lò, ọkùnrin kan fi agolo ẹ̀wà àti àwọn nǹkan mìíràn pamọ́ sínú igbó ní Oregon, ó kéde ibi tó wà, ó ní kí ayé máa bọ̀. Ayé sì lọ.

Ti Kit Williams ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó gbé ìwé àwòrán kan jáde ní 1979, Masquerade, ó fi àlọ́ há inú àwòrán ibẹ̀, ó sì ri ehoro wúrà mọ́lẹ̀ ní Ampthill. Ni ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ kiri. Ọkùnrin tó gba ehoro náà ní 1982 ò já àlọ́ rárá. Sunday Times ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1988 pé obìnrin tó ti bá Kit Williams gbé rí ni ẹnìkejì ọkùnrin náà nínú òwò ń fẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ Àlàbá ni ọkùnrin yẹn, ibi tí wọ́n bí i sí ni ò jọ ọ́.

Àfi ìgbà tí àjọ Greenpeace àti iléeṣẹ́ ìròyìn Sky News wá ṣe eré tiwọn. Wọ́n mú tẹlifíṣọ̀n kan tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n ki ẹ̀rọ atọpinpin bọ̀ ọ́ níkùn, wọ́n gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Hampshire ti ń gba ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ilé aláṣọ àlà. Àdéhùn Basel lórí kíkó pàǹtí kọjá ààlà ti wà láti 1989, òfin Yúróòpù sì ní ẹ̀rọ tó ti di pàǹtí ò gbọdọ̀ gba ilé tálákà lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣọ́ àmì. Àmì kúrò ní Hampshire, ó yọ ní èbúté Tilbury, ó wọ omi, ó gòkè l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n tọ̀ ọ́ dé ìdí rẹ̀, òun nìyẹn nínú ọjà Àlàbá, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún títà. Wọ́n fowó ra òkú tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gbé jù sílẹ̀.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí àwòrán jáde, òkìtì Àlàbá ni àwọn èèyàn ń wò tí wọ́n ń ṣe ṣíọ̀. Wọ́n ń bi elépo pé kí ni epo ń ṣe nísọ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ká má di gbogbo ẹrù lé Òyìnbó lórí. Àwa náà ń ṣe eré yìí, a ò kàn mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó bá kúrò ní títì Badagry tó wọ Àlàbá, àlọ́ ni wọ́n ń pa fún un: ẹ tọ ìlà yìí lọ, bí ẹ bá kan àwọn oní-fáànù, ẹ yà, ẹ bèèrè Chairman. Chairman á ní òun ò ní in, àmọ́ bùrọ̀dá òun ní in, á sì tẹ̀ lé yín lọ. Gbogbo ẹni tó bá júwe ọ̀nà ló ti ní tiẹ̀ lórí owó ọjà kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ wo obìnrin kan tó lóṣòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ọmọ ìsọ̀ fa jẹnẹrétọ̀, ó ki wáyà bọná. Àwòrán yọ, ó mọ́ kedere, àfi ìlà pupa kan tó dúró gbọnrangandan láti òkè délẹ̀.

“Ìlà wo nìyí?”

“Màmá, eruku ni. Bẹ́ljíọ̀m ni o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a ni.”

Obìnrin náà fi etí ìró nù ún. Ìlà ò kúrò. Ó tún un nù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Irú tẹlifíṣọ̀n yẹn kì í dá wá. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network sọ pé bíi kọ̀ǹténà 500 àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ mìíràn ló ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣù, pé bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé lò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá wò ó ní 2015 àti 2016, wọ́n ní ó tó 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ Sienna ní èbúté mọ̀: fìríìjì wà nínú ọkọ̀, máíkírówéèfù wà nínú fìríìjì, áyọ́ọ̀nù àti wáyà wà nínú máíkírówéèfù, fóòmù àlòkù ló sì di gbogbo ẹ̀ mọ́ra.

Èyí tí kò bá tà ni àwọn ọmọkùnrin ń fi òkúta fọ́. Wọ́n ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lásán tú gíláàsì tí òjé wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti dárúkọ, ehoro wúrà kúrò níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí nìkan ni wọ́n ń rí ìṣúra gidi mú délé, tòun ti ikọ́ ẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, Àdéhùn Basel ti ní kí ẹ̀rọ tó ti di pàǹtí tó sọdá, ìbáà ní májèlé, ìbáà má ní, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè lọ́wọ́ ìlú tó máa gbà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní kì í ṣe pàǹtí, àlòkù ni ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù tó sùn nínú máíkírówéèfù, tó sùn nínú fìríìjì, tó sùn nínú Sienna, ta ni yóò buwọ́ lùwé tiẹ̀?