Bọ́ńgálò Ilé Òṣómàáló

Ìyá Ìbejì, ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó bọ́ńgálò tó wà níwájú wa yìí? Ẹ ò gbọ́? Àbí ọjà lẹ sùn mọ́jú ni?

Àná ni wọ́n ṣèpàdé ẹbí lórí ẹ̀. Kì í ṣe pé mo dúró tì fèrèsé wọn o, aṣọ ni mò ń sá. Bùrọ̀dá àgbà tó ti Èkó wá ní ilé amọ̀ lásán ni, kò níye lórí, kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀. Lóòótọ́, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ wá wọ ilé búlọ́ọ̀kù tèmi yìí. Ẹ ó mọ ibi tí ooru ń gbé.

Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ sọ ti orúkọ bọ́ńgálò yẹn ná. Ọmọ mi tó ń kàwé sọ pé bọ́ńgálò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó látilẹ̀. Ó ní Íńdíà, lápá Bengal, ni òyìnbó ti rí irú ilé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá gbé tilé-torúkọ káàkiri ayé. Tiwa yìí tún ní ìran tiẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ló gbé e dé, àwọn bíríkìlà wa kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbo ilé alágbàlá la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá yan ẹran lóru, gbogbo ilé ló ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́ wa ní ìkọ̀kọ̀. Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ̀hẹ́n, bàbá tó kọ́ ilé yìí. Òṣómàáló ni. Ẹ̀yin ìyàwó tẹ́ ẹ ti Ọ̀yọ́ wá lè máa rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà a di aṣọ, wọn a gbé e dé Èkìtì, dé Àkókó, dé òkè Ọya, wọn a tà á láwìn. Tí owó bá tó gbà, tí onígbèsè ní kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi! Ìtìjú á mú onígbèsè, owó á jáde. Bàbá yìí lóṣòó títí orúnkún ẹ̀ fi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Owó aṣọ àti ti kòkó ló fi kọ́lé. Ẹ wo iwájú orí ilé: 1927, àti orúkọ ẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí owó kòkó fi já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò kò tíì sí nígbà yẹn, 1960 nìyẹn dé. Òkè òkun ni sìmẹ́ńtì ti ń bọ̀, kó wọ rélùwéè dé Òṣogbo, kó tó ó gbọ̀nà Iléṣà. Ta ló máa fi ìyẹn mọ gbogbo ògiri? Ojú ilé ni wọ́n ná an sí. Òpó oníṣọ̀nà, òdòdó lórí fèrèsé, ẹ̀yìnkùlé kò tiẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹni tó ti lóṣòó kiri ilé onílé, rìsíìtì ẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní ó ti ń dá wó. Irọ́! Páànù ló dípẹtà tí wọn ò pààrọ̀. Amọ̀ kì í bẹ̀rù ọjọ́ orí, omi ló ń bẹ̀rù. Wọ́n wá tún fi sìmẹ́ńtì tuntun dí ibi tó sán, omi há sínú, ògiri ń wú bí búrẹ́dì.

Ẹnì kan ní kí wọ́n ké sí ìjọba. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣebí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar wà nítòsí Tinúubú l'Ékòó, láti 1855, tí ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956? Wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà àbáwọlé dáadáa. Ilẹ̀kùn ìrókò onígbígbẹ́ yẹn dà? Ìtọ̀ ló jí mi lóru o, n ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá tó sọ pé ilé kò níye lórí, òun àti dírẹ́bà ẹ̀ ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Èkó. Mo gbọ́ tó ní yóò bá pálọ̀ òun mu.

Láti àárọ̀ ni ìyá àgbà, àbíkẹ́yìn bàbá tó kọ́lé, ti lóṣòó sójú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò dìde títí ilẹ̀kùn yóò fi padà. Mo ti gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún un. Ẹ bá mi bu omi dání, ká lọ wò ó.