Ìgbakọ Méjì, Abọ́ Dà?

Ẹ̀njiníà ni wọ́n ń pè é, torí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sórí káàdì rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún 29 ni lọ́dún 2007, ó ń wọ táì nínú oòrùn Ìbàdàn, ó sì ń gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́rùn bí ẹni gbé tírà. Èmi ni Ẹ̀njiníà náà. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" títí ìtàn yóò fi parí; ojú ń tì mí láti máa sọ pé "mo".

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò le létí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn ní Ìbàdàn ní PABX tirẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní íńtákọ̀m. Ó ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ṣakí, owó káàdì tí wọ́n fi ń pe ara wọn lórí GSM sì ti ń dun Àlàájà tó ni ilé-iṣẹ́. Díìṣì sátẹ́láìtì (VSAT) ti wà lórí òrùlé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀njiníà ní kí wọ́n ra ráútà tó ń gbé ohùn sí ibì kọ̀ọ̀kan: ẹni tó wà ní Ṣakí á tẹ nọ́ńbà mẹ́ta péré, fóònù á dún lórí tábìlì ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa ra káàdì. "Ọjọ́ mẹ́ta ni, mà," ló sọ fún Àlàájà.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà.

Oríṣi ihò méjì ló wà lẹ́yìn irú ráútà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì. FXS ni èyí tó ń fúnni: òun ló ń gbé iná bíi vóòtì 48 sórí wáyà, òun ló ń mú kí fóònù dún, òun ló ń ké "húùùn" síni létí béèyàn bá gbé e. FXO ni èyí tó ń gbà. Ṣe ló ń ṣe bíi fóònù lásán. Ẹ̀njiníà ra FXS fún ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, ó dáa, torí fóònù ni wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Ní Ìbàdàn, ihò ẹ̀ka PABX ló ki wáyà rẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ olùfúnni ni PABX náà. Kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi pààrọ̀ wáyà, ó pa ráútà, ó tún tàn án, ó ní NEPA ló fà á.

Bàbá kan, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù NITEL tó fa wáyà PABX náà níjọ́ kìíní, ló yà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìdí bírò tọ́ka sí ihò kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Ọmọ mi, ta ló ń fún, ta ló ń gbà?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ìgbàlódé nìyí."

"Mo gbọ́. Èyí gbé ìgbakọ dání, èyí náà gbé ìgbakọ dání. Abọ́ dà?"

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀njiníà fi owó ara rẹ̀ ra FXO l'Ékòó.

Ọjọ́ tí fóònù kọ́kọ́ dún láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Àlàájà fúnra rẹ̀ gbé e. Máníjà ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Àlàájà ní, "Káàárọ̀ o, ilé ńkọ́?" Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni "A dúpẹ́ mà" ti àkọ́kọ́ já lù ú. Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ara wọn. Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàájà gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kí ló ń rò kó tó dá mi lóhùn? Mo ní ilé ńkọ́, ó lọ ń ṣe ìṣirò!"

Máníjà ò jẹ̀bi. Sátẹ́láìtì tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wà lókè réré, bíi kìlómítà 36,000. Ohùn á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Bó tilẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Èsì náà á tún gba bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ìmọ̀ràn ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ni pé kí ohùn má ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ lójú ọ̀nà, kó má baà hàn síni. Tiwa ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ráútà tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń sọ "hello" kan ṣoṣo kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lè fara dà á. Yorùbá tó gbọ́dọ̀ béèrè ilé, ọmọ, iṣẹ́ àti ara líle ńkọ́? Kò sí ohun tí Ẹ̀njiníà lè ṣe sí òfuurufú. Ó kọ́ wọn kí wọ́n máa ka "ení, èjì" sínú kí wọ́n tó fèsì.

Ó tún ṣi ìṣirò. Ìlà VSAT jẹ́ kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn kan lórí G.711, ọ̀kan lára ọ̀nà tí ráútà ń gbà di ohùn, sì jẹ́ 64, ó ní ìpè méjì ti wọlé. Ó wọn ìrẹsì, kò wọn àpò: ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ráútà ń di ohùn, ìdì kọ̀ọ̀kan ló sì ń ru àdírẹ́sì tó tó báìtì 40. Ìpè kan di 80 ó lé. Bí ẹnìkejì bá ti wọlé, ohùn àwọn méjèèjì á máa já bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ó yí i sí G.729, tó ń lo bíi 24 tàdírẹ́sì tàdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ sì já gaara. Àmọ́ ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe G.729 fún, igbe fáàsì kú sínú rẹ̀. Dírẹ́bà ló wá ń gbé ìwé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti odo ló burú jù. Ẹ̀njiníà ṣètò pé ẹni tó bá tẹ 0 ní Ṣakí á bá ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, ó sì tún gbà wọ́n láyè láti gba ìlà Ìbàdàn pe GSM. Odo sì ni gbogbo nọ́ńbà GSM fi ń bẹ̀rẹ̀. Ráútà kì í dúró gbọ́ ìyókù: gbàrà tó gbọ́ 0, ó ti fọ̀nà hàn án. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan ní Ṣakí ti pè mí ní Ìyá Bọ̀dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n gbé ẹja kaná."

Ó fi 9 síwájú ìpè ìta, wàhálà Ìyá Bọ̀dé sì parí.

Nígbà tí Àlàájà sanwó, Ẹ̀njiníà pín in sí méjì, ó gbé ìdajì fún Bàbá. Bàbá kà á, ó ní kò pé. Òótọ́ ni. Mo ti yọ owó FXO.