Bọ̀ọ̀dá Àyànmọ́

Ní jíìmù tí mo ń lọ lẹ́yìn ọjà kan nílùú Ìbàdàn, a ní ẹnì kan tí àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ ní Àyànmọ́. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi fún un lórúkọ. Kò tíì ní kí wa tán tí á ti yọ fóònù jáde láti fi ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn han Kóòṣì: "Kóòṣì, eléyìí ni mo fẹ́." Bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó na ìka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, tó ní irú èyí tí ọkùnrin yẹn wọ̀ ni kí wọ́n rán fún òun. Télọ̀ á wo àwòrán, á wo aṣọ tó gbé wá, á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Yáàdì méjì lo gbé wá, agbádá lo fẹ́.

Jíìmù wa kì í ṣe ti olówó. Agolo ọ̀dà méjì tí wọ́n da kọnkéré sí, tí wọ́n fi páìpù irin so pọ̀, ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ẹni tó po kọnkéré náà kò wọ̀n ọ́n, ti ọwọ́ ọ̀tún wúwo ju ti òsì lọ, ẹ sì lè fi èjìká ọ̀tún dá àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ láàárín ọjà. Nínú irú ibẹ̀ yẹn ni Àyànmọ́ ti ń wá ara tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ká ní ọ̀lẹ ni, mi ò ní fi bébà ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́fà ìdájí ló ti ń débẹ̀, kì í jẹ gbèsè owó oṣù, ó sì lè gbé irin ju èmi lọ. Ohun tó ń ṣe é ni pé bí ayálégbé ló ṣe ń gbé inú ara ẹni ẹlẹ́ni: kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kó tó kẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọ̀hún sì rèé, agbára tí ènìyàn ń ní nínú rẹ̀, ọpọlọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún iṣan. Ẹran ara fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtijáde ni. Bó bá jáde báyìí, á bá ìlẹ̀kùn ní títì, Àyànmọ́ ti lọ gba yàrá níbòmíì.

Arnold Schwarzenegger la bá a lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Bí oríkì ló ń ka ti ọkùnrin náà: ó gba ife-ẹ̀yẹ Mister Olympia, ìdíje àwọn tó ń fi irin kọ́ ara, ní ẹ̀ẹ̀meje, láti 1970 dé 1975 láìsinmi, ó tún padà wá gbà á ní 1980. Kóòṣì wá ṣe àṣìṣe kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní kí òun tù ú nínú ni, ó bá sọ fún un pé Arnold náà ní àléébù, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nígbà kan tó fi gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrú kí gbogbo ayé lè máa wo ìtìjú náà, kí òun náà má sì lè gbàgbé rẹ̀. Ó tún fi kún un pé ní Miami, lọ́dún 1968, Frank Zane tí kò tó 90 kílò na Arnold tó fi ara jù ú lọ dáadáa.

Ẹ̀kọ́ sùúrù ni Kóòṣì rò pé òun ń kọ́ ọ. Ojú Àyànmọ́ là. "Ta ni Zane yẹn?"

Bí a ṣe dé orí Zane nìyẹn, ìbàdí róbótó, ikùn tó wọlé lọ bí ìgbà tí wọ́n fà á láti ẹ̀yìn. Èbà dópin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe wá kí i láti Ìkẹ́nnẹ́ lásìkò yẹn, inú ń bí i, àwa ń rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó, wọn ò tú gèlè, wọn ò gba omi, ọrùn ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Mọ́mì, eré ìdárayá ni."

"Eré wo ló jẹ́ kí egungun àyà ẹ kí mi kí ìwọ fúnra ẹ tó kí mi?"

Ó mú fóònù, ó fi Zane hàn wọ́n, kí wọ́n lè rí ibi tí òun ń lọ. Màmá wò ó títí. "Òyìnbó yìí náà, ṣé kò ní ìyá ni?"

Ládùúgbò, ọ̀rọ̀ ti di pé wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́. Baba kan pè é sẹ́yìn ilé, ó fi owó sí i lọ́wọ́, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá ń rù ń jẹ gbèsè ni, tàbí kí ìyàwó rẹ̀ máa fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ẹni kẹta kò sí.

Ìtìjú owó yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ronnie Coleman, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí nílùú Arlington ní Texas, tó gba ife kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, 1998 sí 2005, tó sì tó bíi 130 kílò lórí pèpéle lọ́dún 2003. Èbà padà wá pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Àyànmọ́ ní òun ń kó ẹran jọ ná, pé tó bá yá òun á gbẹ́ ẹ bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi. (Agbẹ́gilére ilẹ̀ wa wo ni ṣá? Àwọn tí mo mọ iṣẹ́ wọn, orí ni wọ́n ń gbẹ́ tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ère.) Ikùn ló kọ́kọ́ dé, èjìká ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún márùn-ún tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn nìkan ni àwọn ènìyàn kí i kú oríire. "Owó ti dé!" Ìyá rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ò ní retí pé ibẹ̀ ló máa dúró sí. Lọ́dún 2024, Samson Dauda, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní England, gba Mister Olympia, Àyànmọ́ sì ra máàtì fún gbogbo jíìmù bí ẹni tó bá a pín nínú rẹ̀. Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ tó fi gbé Anthony Joshua, akànṣẹ́ nì, wá. Èyí dùn mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé Ṣàgámù ni ìdílé Joshua ti wá. "Rẹ́mọ ni àwa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Kóòṣì wo fóònù, ó wo Àyànmọ́ látòkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, báwo lẹ ṣe ga tó?"

"Mítà kan àti 68."

"Ti Joshua jẹ́ 98. Ó ku 30 sẹ̀ǹtímítà. A ò ní irin ìyẹn níbí."

Àyànmọ́ ní ti gíga kọ́ lòun ń sọ, èjìká ni. Kóòṣì wá jókòó lórí agolo, ó ṣàlàyé pé èjìká náà, egungun ló kọ́kọ́ pinnu bó ṣe máa fẹ̀ tó. Ibi tí iṣan gbé so mọ́ egungun, bàbá àti ìyá ni wọ́n ti bá ènìyàn so ó. Ìlà tó pín ikùn sí kéékèèké, iye tí wọ́n bí mọ́ni náà ni, irin kì í fi ẹyọ kan kún un. Ohun tí irin lè ṣe ni pé kí ó mú ohun tó wà nílẹ̀ nípọn sí i. Àyànmọ́ ń mi orí. Mo rò pé ó ti yé e. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló wá ní irú egungun tèmi tó lókìkí?"

Ohun tó ń ṣe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìtàn Ifá, Afùwàpẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí, àwọn tó fi ojú yàn sì gbé èyí tó dán jù, tí iná kò jó dénú, tí òjò ọ̀nà ayé fi jẹ ẹ́. Àwọn ìyẹn tiẹ̀ yàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi náà kò sì ní parọ́, àwòrán kan wà nínú fóònù mi tí mi ò ní fi han ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ ti ta ni.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni télọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti wọ̀n ọ́n títí tí okùn ìwọ̀n fi sú u. Nígbà Arnold, ó fi àyè sílẹ̀ ní àyà. Nígbà Zane, ó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò wọlé. Nígbà Coleman, ó tú wọn, ó fi aṣọ kún ìdí. Gbogbo bùbá tí Àyànmọ́ ní ló ní ìṣẹ́po nínú, ìka mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan, fún èjìká tó ń bọ̀. Oṣù tó kọjá, mo lọ gba aṣọ tèmi, mo bá a níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, yáàdì márùn-ún, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Télọ̀ mú sísọ́ọ̀sì dání, kò gé e. Ó gbé ojú sókè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ta la jẹ́ lọ́dún yìí?"