Ẹnjiníà Kò-Sí-Wáyà

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló máa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, iPad lọ́wọ́, tí kò ní jókòó. Á máa rìn láàárín ìjókòó àwọn obìnrin, á dúró, á dijú, á gbé orí sápá kan bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn áńgẹ́lì, á wá fi ìka kan wọ́ ojú gíláàsì díẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà nínú orin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ti rí i.

Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun ló máa ń ká wáyà ńlá tí wọ́n ń pè ní snake lẹ́yìn òde ìnáwó, lóru, tí ọbẹ̀ ti dà sí i lára. Bóyá ibẹ̀ ni ìkórìíra wáyà ti wọlé. Láti 2012 tí Behringer ti gbé X32 jáde, míksà tí èèyàn lè fi iPad darí, Ẹnjiníà ti búra pé òun àti wáyà ò jọ rìn mọ́.

“Wáyà kẹ̀, Mọ́mì? Ohùn máìkì 32 ni mò ń rán gba ojú afẹ́fẹ́ yìí.”

Irọ́ funfun báláú. Ohun tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ ò ju àṣẹ péépèèpé lọ: gbé tọ̀hún sókè, rẹ tibí sílẹ̀. Ohùn gan-an ò kúrò nínú wáyà. Tí a bá ń wọn ohùn máìkì 32 ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní bíìtì 24, ẹrù náà á tó mẹ́gábíìtì 37 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ dé. Èyí tó bá já bọ́ lọ́nà, Wi-Fi á tún un rán, ṣùgbọ́n onílù ti kọjá ibẹ̀. Àwọn Audinate ará Ọsirélíà tó ṣe Dante, ètò tó ń gbé ohùn gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pàápàá, wáyà ni wọ́n ní ká fi gbé e. Cat5e kan ṣoṣo láti ara X32 lè gbé ọ̀nà ohùn 48 lọ, kó tún gbé 48 bọ̀. Àmọ́ wáyà ò ṣeé fi yan láàárín obìnrin.

Ọjọ́ ìkórè lẹ ó rí i dáadáa. Ẹnjiníà ti dán iPad rẹ̀ wò lálẹ́ Sátidé nígbà tí ilé ṣófo, ó ṣiṣẹ́ geerege. Ní Sọ́ńdè, ìjọ kún, fóònù kún, àwọn ọ̀dọ́ tan hotspot, gbogbo wọn ń du 2.4 gigahertz, níbi tí ọ̀nà tí kò gun ara wọn ò ti ju mẹ́ta lọ: 1, 6 àti 11. Ara èèyàn pàápàá a máa fa ìgbì yẹn mu. Ráútà Ẹnjiníà sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìlù.

Máìkì ìyá akọrin bá figbe ta: fíííí! Ẹnjiníà wọ́ gíláàsì wálẹ̀. Fíííí! Míksà ò ṣe nǹkan burúkú. Àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn ló dì mú, àṣẹ ọ̀hún sì ni pé kó gbé ìyá akọrin sókè.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n lọ fọwọ́ fà á wálẹ̀,” ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí.

“Dúró jàre! Ó ń kónẹ́ẹ̀tì.”

Ọmọ náà ò dúró. Ó sáré dé ìdí míksà, ó fa fédà wálẹ̀, ariwo dá. Ẹnjiníà rọra gbé iPad sókè, ó mi orí sí pásítọ̀, ìjọ pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwé rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀: ráútà tuntun méjì, iPad tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọṣẹ́ tí kò ní sùúrù.